Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ìgbàyà Ike

Gbogbo ẹni tó bá wọ yàrá mi ló máa ń kọ́kọ́ bi mí pé, "Màmá, irin wo lẹ gbé kọ́ sára ògiri yẹn?" Màá ní kí wọ́n gbé e wò. Wọ́n á na ọwọ́ méjèèjì, wọ́n á di èémí mú, wọ́n á fi gbogbo agbára fà á, wọ́n á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sẹ́yìn, nítorí pé kò wúwo ju abọ́ ìfọṣọ lọ. Èmi á wá bú sẹ́rìn-ín. Àgbà tó ń dá gbé ilé, ẹ̀rín ni àlejò rẹ̀.

Ìgbàyà ni. Ike ni. Ìfẹ́ mi sì ni. Ẹ jókòó kí n rò ó fún yín. Bí mo bá dé ibi orin, ẹ bá mi gbè é, ẹ má jẹ́ kí n dá a kọ.

Nígbà tí mò ń wí yìí, omidan ni mí, mo ń ránṣọ níwájú ilé bàbá mi. Màmá mi ti kú kí n tó mọ ìyàtọ̀ abẹ́rẹ́ àti ìgbálẹ̀. Wẹ́dà ni bàbá mi. Òun ń jó irin lẹ́yìn ilé, èmi ń wa máṣíìnì níwájú, àwa méjèèjì péré là ń gbé, a kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ariwo irin kì í jẹ́ ká gbọ́ ara wa. Bí irin bá sì dákẹ́, a ti gbàgbé ohun tí a fẹ́ sọ. Ìwà kan ń bẹ lára bàbá mi: kò sí iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ tí kì í dà délẹ̀ wo ẹ̀yìn. Àga ni o, géètì ni o, àní búláòsì tí mo bá rán tán, á yí inú rẹ̀ síta. Á ní, "Iwájú ni iṣẹ́ fi ń rẹ́rìn-ín síni. Ẹ̀yìn ló ti ń sọ òótọ́."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin kan dúró sẹ́nu ọ̀nà mi. Ó wọ ìgbàyà tó ń dán bíi fàdákà lé ṣẹ́ẹ̀tì gbígbó, sílípáàsì ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo rò pé orí rẹ̀ ti yí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Aránṣọ."

"Òo. Ṣé ogun ti wọ̀lú ni?"

"Ogun ò tíì dé. Àjákù aṣọ ni mo wá tọrọ."

"Yéè! Jagunjagun tó ń tọrọ àkísà!"

Kò bínú. Ó bọ́ ìgbàyà náà, ó dà á délẹ̀ sórí tábìlì mi. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Balógun Ike nìyí, ẹni tó ń fi àgbá ike ṣe ìhámọ́ra fún àwọn òṣèré orí ìtàgé nínú yàrá kan ṣoṣo tó háyà. Ó fi ìka hàn mí níbi abíyá, níbi tí wọ́n ti gé ike náà kí apá lè ráyè yọ.

"Ibí yìí ló máa ń sán. Bí òṣèré bá ṣubú lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti sán lọ dé ìhà. Nítorí náà mo máa ń fi gọ́ọ̀mù lẹ aṣọ mọ́ ọn lẹ́yìn. Bí ọ̀kan bá gbẹ, màá lẹ òmíràn lé e."

"Irú aṣọ wo wá ni?"

"Èyí tó bá le, tó rí ṣákaṣàka. Gọ́ọ̀mù dà bí èèyàn, kò lè di ohun tó ń yọ̀ mú."

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yẹn o. Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ló ti jáde.

Mo fún un ní àjákù. Ó padà wá. Mo tún fún un. Kò pẹ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í gé aṣọ oníbàárà ní ìgékúgèé kí àjákù lè pọ̀. Ní ọjọ́ kan ló wá ní òun fẹ́ ṣe ìgbàyà fún obìnrin tó máa jẹ́ olórí ogun nínú eré wọn, pé obìnrin náà wà lẹ́yìn odi, pé ara èmi àti tirẹ̀ jọra, kí n jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun wọ̀n mí.

Àbúrò bàbá mi obìnrin ló tẹ̀ lé mi lọ. Àǹtí Kékeré là ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹnu ọ̀nà tí kì í fi ẹ̀gbẹ́ wọ̀. Ó fìdí kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, ó dí i pátápátá, ó wo Balógun Ike láti òkè délẹ̀.

"O ní ara wọn jọra?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ta ló sọ fún ẹ? O ti wọ̀n àwọn méjèèjì ni?"

Téèpù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín kú.

Ṣùgbọ́n mo wo yàrá náà, ẹ̀rín sì tán lẹ́nu mi. Sítóòfù kan. Ibùsùn kan. Ife kan, ṣíbí kan. Ìdajì àgbá ike fẹ̀yìn ti ògiri, àwọn àṣíborí sì tò lórí pẹpẹ bí àlejò tí ẹnikẹ́ni ò bu omi fún. Ó rí i pé mò ń wò wọ́n.

"Àwọn ni ará ilé mi," ó ní. "Wọn kì í jẹun. Wọn kì í sì í dáhùn."

Iṣẹ́ rẹ̀ dùn-ún wò. Á gbé ike sókè iná sítóòfù, kò ní jẹ́ kó kan iná, á máa yí i, á máa yí i, títí tí yóò fi rọ̀ bí etí ọmọ ọwọ́. Á wá yára tẹ̀ ẹ́ mọ́ ère àyà tó fi amọ̀ mọ, á fi ọwọ́ tó fi àkísà wé dì í mú títí yóò fi tutù. Bó bá fi í sílẹ̀ kó tó tó àkókò, ike á ká padà. Èmi tí n kì í lè dákẹ́, orin bọ́ lẹ́nu mi:

Rọra tutù, ike mi,
Má yára, má pẹ́;
Ọwọ́ tó bá dì ọ́ mú
Ni kó o fìrísí jọ.

Bí mo ṣe kọ ọ́ tán láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ike ti tutù gẹ́lẹ́. Ó wò mí bí ẹni tó rí nǹkan he. Láti ọjọ́ náà, bí ike bá ti rọ̀, á ní, "Aránṣọ, orin." Èmi ni aago rẹ̀.

Ìgbà kan tí Àǹtí Kékeré sùn lọ lórí àga, tó ń hanrun bí máṣíìnì tí kò rí òróró, ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ láìyọ ọwọ́ kúrò lára ike.

"Bó bá gbóná nìkan ló ń gbọ́ràn. Bó bá ti tutù báyìí, bó ṣe máa wà nìyẹn."

"Mo mọ̀."

"Èmi náà gbóná báyìí. Mi ò fẹ́ tutù ní ìrísí ẹni tó ń dá jẹun."

Orin tó máa ń sáré wá sí mi lẹ́nu, ọjọ́ náà ló sá. Mo kàn fi ọwọ́ mi lé orí tirẹ̀. Ike náà gbóná. Mi ò yọ ọwọ́.

"Ẹ tẹ̀síwájú," Àǹtí Kékeré ní, ojú rẹ̀ ṣì dì. "Mo ń sùn."

Bó ṣe di alárenà wa nìyẹn.

Ó lọ bá bàbá mi. Ó mú un wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó yìn ín, ó bú u, ó tún yìn ín. Bàbá mi ní òun ò lè fi ọmọ kan ṣoṣo tí òun bí fún ẹni tó ń fi ike parọ́ irin kiri, tó ń bá òṣèré lọ láti ìlú dé ìlú. Níkẹyìn ó ní, "Kó gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wá kí n wò ó."

Àǹtí Kékeré fò wá sọ́dọ̀ wa. "Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yìn ni ẹ̀gbọ́n mi máa wò. Ìwọ Balógun, bí o bá mọ ohun tí ò ń ṣe, jẹ́ kí ẹ̀yìn yẹn lẹ́wà ju iwájú lọ!"

Mo mọ ìwọ̀n àyà bàbá mi sórí, èmi ni mò ń rán ẹ̀wù rẹ̀. Balógun Ike mọ ìgbàyà sí ìwọ̀n náà. Ó ní òun máa dá iṣẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe, kó lè ya gbogbo wa lẹ́nu. Ó kàn ní kí n fún òun ní àjákù sátíìnì pupa tí mo fi ń rán aṣọ ìyàwó kan. Mo rò pé ó fẹ́ fi nu ọ̀dà ni.

Ọjọ́ náà pé. Bàbá mi jókòó lẹ́yìn ilé láàárín irin rẹ̀. Ọkùnrin mi dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó gbé ìgbàyà náà kalẹ̀. Mo rí i tí ojú bàbá mi tàn, irin ló rò pé ó jẹ́. Ó gbé e, ó fò sókè lọ́wọ́ rẹ̀, ojú náà sì wọ́.

"Ike."

"Ike ni, sà."

"O fi ike tan èmi wẹ́dà."

"Àwọn tó jókòó síwájú ìtàgé ni mò ń tàn, sà. Mi ò jẹ́ tan yín."

Bàbá mi dà á délẹ̀. Sátíìnì! Pupa fòò, ó tẹ́ lọ láìsí ìhunjọ kan, ó ń dán bí ètè ìyàwó. Bàbá mi fi àtẹ́lẹwọ́ pa á. Ó mi orí bí ẹni tó gbà. Àǹtí Kékeré fún mi ní ìgúnpá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ mí ní ìhà. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tó ń họ mí lọ́kàn. Gọ́ọ̀mù dà bí èèyàn...

"Kò burú," bàbá mi ní. "Irin tí mo bá jó, mo máa ń jù ú sílẹ̀ kí n tó gbà pé ó dì."

Ó gbé e dé ìbàdí, ó sì jù ú sílẹ̀.

Pàá! Ó sán láti abíyá dé ìhà. Sátíìnì náà ṣí kúrò lódindi, bí èèpo ẹyin sísè. Bàbá mi fi ìka méjì mú un sókè. Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn.

"Ọ̀dọ́mọkùnrin, mo wo ẹ̀yìn, ẹ̀yìn náà tún ń rẹ́rìn-ín sí mi. Níbo ni kí n wá wò?"

Balógun Ike wo ibi tó sán náà. Ó mọ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì, ìfẹ́ láti wu àna ti jẹ́ kó ṣe ohun tí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ò ní í ṣe.

"Máa lọ," ni bàbá mi wí.

Kí ẹgbẹ́ òṣèré tó gbéra, ó yà sẹ́nu ọ̀nà mi. Kò wọ ìgbàyà kankan. Mo rí i pé èjìká rẹ̀ kéré.

"Ṣé wàá dúró dè mí?"

"Títí dìgbà wo?"

Ó ronú, ó ronú. Ká ní ó purọ́ ni, ǹ bá gbà á gbọ́. Ó ní, "Mi ò mọ̀." Ó sì lọ. Mo bá máṣíìnì mi lọ, mo rán ẹsẹ̀ méjèèjì ṣòkòtò oníbàárà kan pọ̀ di ọ̀kan.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìdánìkanwà kì í kan ilẹ̀kùn. Ṣe ló máa ń bá èèyàn jókòó bí ará ilé. Òjò rọ̀, ó dá, ó tún rọ̀. Bàbá mi mú ọkùnrin kan wá tó ń ta táyà, tó ní mọ́tò, tó ń wo aago bí mo ṣe ń bá a sọ̀rọ̀. Mo ní mi ò fẹ́. Ó mú òmíràn wá, mo ní mi ò fẹ́. Lẹ́yìn náà kò mú ẹnikẹ́ni wá mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń gbé aṣọ ọmọ wá fún mi láti rán. Mo ń rán an. Aṣọ kékeré ni mo mọ̀ ọ́n rán jù.

Iná wẹ́dà wá ń jẹ ojú bàbá mi díẹ̀díẹ̀, títí kò fi lè rí ojú irin mọ́. Ariwo dákẹ́ lẹ́yìn ilé. Ìgbà yẹn la wá mọ̀ pé kì í ṣe ariwo ni kò jẹ́ ká máa sọ̀rọ̀. A máa ń jẹun ní ìdákẹ́, ṣíbí á máa kan àwo, á dà bí ẹni pé àwọn àwo ló ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Mo máa ń bi ara mi pé, "Ta lò ń dè? Ó ti ní ìyàwó. Ó ti ní ọmọ. Òmùgọ̀ obìnrin, ta lò ń dè?"

Ìgbàyà tó sán, tó fi sílẹ̀ lọ́jọ́ tí bàbá mi lé e, wà lábẹ́ ibùsùn mi. Ní ọ̀sán kan tí oníbàárà kò sí, mo fà á jáde. Mi ò ní ẹni tí mo fẹ́ tún un ṣe fún, mo kàn fẹ́ kí ọwọ́ mi rí ohun dì mú. Mo fi yanrìn àti kànrìnkàn ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò títí ẹ̀yìn ike náà fi rí ṣákaṣàka. Mo mú ìṣó, mo fi í sínú iná títí ó fi pọ́n, mo fi dá ihò róbótó sí ìdí sísán náà, níbi tó parí sí. Bàbá mi ni mo rí tó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún irin. Ó ní sísán dà bí olófòófó, bí o kò bá fún un ní ibi tó máa parí ọ̀rọ̀ sí, kò ní dúró. Mo gé aṣọ iṣẹ́ bàbá mi tí kò wọ̀ mọ́, kakí líle tí iná ti lù ní ihò wẹ́wẹ́. Mo lẹ ọ̀kan, mo fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, mo kọ orin. Nígbà tó gbẹ, mo lẹ òmíràn ní ìdábùú lé e. Nígbà àkọ́kọ́, ó ṣí. Mo tún un ṣe. Kò sí ibi tí mò ń lọ.

Bàbá mi ló gbọ́ orin náà. Ó fi ọ̀pá ìtilẹ̀ wá ọ̀nà wọ yàrá mi, ó jókòó sẹ́bàá ibùsùn, ọwọ́ rẹ̀ sì kan ìgbàyà náà. Kò ní ojú tí yóò fi wo iwájú mọ́. Ẹ̀yìn ló lọ tààrà. Àtàǹpàkò rẹ̀ rìn lórí aṣọ náà jẹ́jẹ́.

"Kakí mi nìyí."

"Òun ni, sà."

Àtàǹpàkò dé ihò róbótó náà. Ó dúró. Ó yí ihò náà ká, ó tún yí i ká.

"Èmi ni mo kọ́ ẹ ní ti ihò. Ta ló kọ́ ẹ ní ti aṣọ?"

"Ẹni tí ẹ lé lọ ni, sà."

Ó fi èékánná fa etí kakí náà. Kò ṣí. Ó fi agbára fà á. Kò ṣí.

"Ó mọ̀ ọ́n nígbà náà?"

"Ó mọ̀ ọ́n. Ó fẹ́ wù yín ni."

Bàbá mi tẹ́ ìgbàyà náà sórí itan rẹ̀. "Ilé yìí dákẹ́ jù," ni ohun tó sọ. Ó wá ké, "Pe Àǹtí Kékeré fún mi! Ṣé ó mọ ibi tí ọmọkùnrin yẹn wà?"

Àǹtí Kékeré fi ẹ̀gbẹ́ wọlé. "Ẹ̀gbọ́n, ó ti pẹ́ tí mo ti mọ ìlú tó wà. Ẹ̀yin ni ẹ ò bèèrè."

Ó lọ wá a, ó sì pẹ́ kó tó dé. Ẹ ò lè mọ bí mo ṣe fi ojú họ ògiri. Nígbà tó dé, ó kọ́kọ́ mu omi, ó bọ́ bàtà, ó tún mu omi.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́! Ṣé ó ti gbéyàwó?"

"Mo bá èrò púpọ̀ nílé rẹ̀."

Mo yíjú sí ògiri.

"Orí pẹpẹ ni gbogbo wọn wà, ike ni wọ́n." Ó pàtẹ́wọ́. "Mi ò bèèrè ilé náà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ń kọjá lọ ni mo gbọ́ lójú fèrèsé, *Rọra tutù, ike mi.* Ọmọ, ohùn ọkùnrin yẹn burú, bíi ti ewúrẹ́ tí òjò pa! Ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì."

Mo sunkún o. Mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín, mi ò mọ èyí tó ṣíwájú.

Nígbà tí Balógun Ike wọlé, irun funfun ti wọ irùngbọ̀n rẹ̀. Bàbá mi jókòó lẹ́yìn ilé níbi tó jókòó sí nígbà yẹn, ó sì gbé ìgbàyà náà wọ̀. Ó ti rù. Ìgbàyà tó bá a mu rẹ́gí nígbà kan gbé e mì, orí rẹ̀ yọ lókè bíi ti ìjàpá. Ó na ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ síta.

"Gba ọ̀pá yìí. Lù mí láyà."

"Bàbá?"

"Mo ní lù ú! Bó bá sán, o ti ṣẹ́ mi níhà, kò sì sí ìyàwó. Bí kò bá sán, mú ọmọ mi."

Ọkùnrin mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ má bínú, sà. Mo lè dúró kí n sì dá wà títí mo fi kú. Mi ò lè na ọ̀pá sí bàbá ìyàwó mi."

"Ìyẹn ni pé iṣẹ́ náà ò dá ẹ lójú."

"Mi ò tíì wo ẹ̀yìn rẹ̀, sà. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ Aránṣọ bá ṣe é, ó dá mi lójú. Ẹ̀yin ni mi ò lè lù."

Mo dúró síbẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjì tí mo ní láyé, ọ̀kan ò ní dìde, èkejì ò ní sọ ọ̀pá kalẹ̀. Mo rí i pé báyìí ni mo ṣe máa darúgbó, láàárín àwọn méjèèjì, láìní ẹnì kankan.

"Ẹ mú un wá ńbí!" Àǹtí Kékeré já ọ̀pá gbà lọ́wọ́ bàbá mi. "Ẹ̀gbọ́n, láti kékeré ni ẹ ti ń gbá mi létí. Ọlọ́run ò sùn!" Ó sì gbá a láyà.

Kò!

Ẹyẹ fò lórí òrùlé. Bàbá mi mì, ìgbàyà ò mì. Ó fi ọwọ́ wá abíyá, ó wá ìhà, ó wá ihò náà. Gbogbo rẹ̀ pé.

"Tún lù ú," ó ní, ohùn rẹ̀ rí bíi ti ọmọdé.

"Pẹ̀lú ayọ̀!" Kò! "Èyí ti àkàrà tí ẹ já gbà lọ́wọ́ mi!" Kò! "Èyí ti ìgbà tí ẹ lé ọmọ ọlọ́mọ lọ!"

Ẹ̀rín pa bàbá mi. Mi ò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ rí tó bẹ́ẹ̀. Inú ike náà ló ti ń dún jáde bí ẹni tó wà nínú kànga. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì na ọwọ́ wá Balógun Ike lórí ilẹ̀ títí ó fi bá orí rẹ̀.

"Dìde. Mú un. Ṣùgbọ́n ẹ má lọ jìnnà."

"Sà, ibi tí ẹ ti ń jó irin ti ṣófo. Ẹ jẹ́ kí n máa yọ́ ike níbẹ̀."

Níbẹ̀ ló ti yọ́ ike títí bàbá mi fi lọ, títí àwọn ọmọ wa fi dàgbà tí wọ́n sì tú ká, títí òun náà fi fi sítóòfù sílẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí kò padà sí i mọ́. Àǹtí Kékeré náà ti lọ; ẹ gbà mí gbọ́, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ gbé e jáde.

Ilé ti tún dákẹ́. Mi ò ní purọ́ fún yín, ìdákẹ́ náà pọ̀. Ní àárọ̀ tó bá pọ̀ jù, mo máa ń gbé ìgbàyà náà sọ̀ kalẹ̀ lórí ìṣó, màá gbé e wọ̀. Ó gbé mi mì bó ṣe gbé bàbá mi mì. Màá ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, màá fi àtàǹpàkò wá ihò róbótó náà, màá fi èékánná fa etí kakí. Màá wá fi ìka kàn án níwájú, kò, kò, bí ẹni kan ilẹ̀kùn, màá sì kọrin láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì:

Rọra tutù, ike mi,
Má yára, má pẹ́;
Ọwọ́ tó bá dì ọ́ mú
Ni kó o fìrísí jọ.

Kakí náà kò tíì ṣí.